Àwọn Òṣìṣẹ́ Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Òwe kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu àwọn àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá: "Yinni yinni, kí ẹni ó ṣe mìíràn." Ẹni tí ó ṣe rere tí a kò yìn ín, ọwọ́ rẹ̀ a máa rọ. Òwe mìíràn tún kín ìyẹn lẹ́yìn, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ohun tí àwọn baba mọ̀ nípa ọpẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, Ìwé Mímọ́ gbé ohùn mìíràn kalẹ̀. Nínú Ìhìnrere Mátíù orí kẹfà, Jésù kìlọ̀ fún ẹni tí ń ṣe àánú pé kí ó má kéde ara rẹ̀, kí ó fi oore náà pamọ́ dé ibi pé ọwọ́ rẹ̀ kan kò ní í mọ èyí tí ọwọ́ kejì ṣe. Láàrin ohùn méjèèjì yìí ni àwọn kan wà nínú ìjọ, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀, tí orúkọ wọn kì í sí nínú ìkéde, tí ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni ìjọ fi ń mí. Bí ìjọ bá yìn wọ́n, ó ń bẹ̀rù pé òun yóò ba èrè wọn jẹ́. Bí kò bá sì yìn wọ́n, ó ti di ọlọ́ṣà. Kí wá ni ṣíṣe?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ Ìsinmi, iṣẹ́ wọn ti parí, wọ́n sì ti fara sin sí àárín èrò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ó lọ, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará ìjọ yòókù ti wọ aṣọ ẹbí lọ sí òde ìgbéyàwó, tí ìlù sì ti ń dún ní ìgboro. Yóò bá obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ilé Ọlọ́run, tí wọ́n ká ìró wọn sókè dé orúnkún, tí wọ́n sì wé gèlè bo irun nítorí eruku. Ọ̀kan so ìgbálẹ̀ mọ́ orí ọparun gígùn, ó ń fi í gbá òwú aláǹtakùn kúrò lára àjà. Èkejì ń fi omi ọṣẹ nu imí adán kúrò lórí àga, nítorí pé adán kò mọ ilé Ọlọ́run yàtọ̀ sí ilé mìíràn. Àjà tí ó bá ti ga, tí ó sì ṣókùnkùn, ilé rẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, kì í sì í ṣe àdúrà ni ó ń gbà. Ìda àbẹ́là tí ó kán sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha. Ẹ̀kẹrin gbé àgbélébùú idẹ lé itan, ó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa kọ mànà. Bí ẹnì kan bá kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, wọn a dáhùn, wọn kì í sì í gbé ojú sókè wo ẹni tí ó kí wọn.

Aṣọ pẹpẹ ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fọ̀ níbẹ̀. Ilé ni ìyá tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ń gbé e lọ. Kò gbọdọ̀ bá aṣọ mìíràn wọ inú omi kan náà. Bí wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bá ta sí i, a gbọ́dọ̀ tètè rẹ ẹ́ sínú omi kí àbàwọ́n náà tó gbẹ mọ́ òwú. Sítáàṣì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ki jù, kí aṣọ má baà gan bí awọ. Kò sì gbọdọ̀ ṣàn jù, kí ó má baà rọ jọwọlọ lójú ìjọ. Ní ayé ìgbà tí ó jẹ́ àyọ́ọ̀nù eléèédú ni gbogbo ilé ń lò, ìyá náà ní láti kọ́kọ́ fi í lọ àkísà wò, kí eérú má baà ta sí aṣọ funfun. Ìmọ̀ ni gbogbo èyí jẹ́. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ọ, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí tí a ń fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn. Ẹnì kan ní ń gbé epo lọ sí ẹ̀yìnkùlé fún ẹ̀rọ amúnáwá, kí gbohùngbohùn má baà kú mọ́ oníwàásù lẹ́nu. Ẹnì kan ní ń pọn omi sínú àgbá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìjọ, èyí nìkan ni kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ó ń du oyè rẹ̀. Nígbà tí ìjọ bá tú ká, tí òórùn ọbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi ti ń ta sánsán ní ilé oníkálukú, àwọn kan ṣì wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń ka owó igbá. Wọn yóò kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò sì buwọ́ lù ú, kí ìfura má baà wọ àárín ará.

Ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan ní ń tọ́jú ìwé ìtẹ̀bọmi. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, kí ìforúkọsílẹ̀ ìbí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹ́rìí ọjọ́ orí wọn. Ẹni tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba àti ẹni tí ó fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ ìwé ńlá yìí, tí kòkòrò ti ń jẹ etí rẹ̀, ni wọ́n ń padà lọ. Wọ́n mọ orúkọ àlùfáà tí ó ṣe ìtẹ̀bọmi, nítorí pé ó buwọ́ lu ibẹ̀. Ẹni tí ó gbá eruku ara ìwé náà fún ogójì ọdún, tí ó gbé e sá fún òjò nígbà tí òrùlé ń jò, òun ni kò sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan nínú rẹ̀.

Bóyá kò sí ohun tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn tó dùùrù àtijọ́. Kí iná mànàmáná tó dé, dùùrù ńlá olófèèrè kì í dún bí kò bá sí ẹni tí ń fi ewìrì fún un ní afẹ́fẹ́. Atẹdùùrù wà ní ibi tí ojú tó o. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àpótí dùùrù ni ẹnì kan dúró sí, tí ń fa ọ̀pá ewìrì sókè sódò. Bí ẹni yẹn bá tòògbé, orin kú nìyẹn, bó ti wù kí ìka atẹdùùrù já fáfá tó. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní ilé arọ. Nígbà tí ọkọ́ bá jáde láti inú iná, alágbẹ̀dẹ ni àwọn oníbàárà ń kí. Ọmọ tí ó ti jókòó ti ewìrì láti òwúrọ̀, tí òógùn bo ojú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó ti jẹun. Síbẹ̀ alágbẹ̀dẹ mọ iyì ọmọ náà. Ó mọ̀ pé irin kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ òòlù bí iná kò bá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, àti pé ìdí ewìrì yìí ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí tí ó yẹ kí ó ká ìjọ lára ju bí ó ti ń ká a lára lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sin ìjọ ni kì í gbọ́ ìwàásù. Ní ọjọ́ Ìkórè, àwọn obìnrin tí ń dáná ti wà lẹ́yìn ilé Ọlọ́run láti òru. Igi tútù ń rú èéfín, ojú ń ṣomi, odó iyán ń dún kì-kì-kì. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú ìsìn ọjọ́ náà kò ju orin tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá, àti iye owó tí a ń kéde. Àwọn olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọdé jáde kí àwọn òbí lè rí ààyè fetí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí wọ́n tó jókòó gbọ́ ìwàásù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ń ṣọ́ ọkọ̀ ní ìta kò yàtọ̀ sí wọn. Ìjọ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀mí wọn gbẹ, ó sì fi wọ́n sí ibi tí omi kì í dé. Ìjọ tí ń bọ́ gbogbo ènìyàn, tí kò bọ́ ẹni tí ń dáná, gbèsè ni ó ń jẹ.

Gbèsè náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò bá orúkọ Thomas Birch Freeman pàdé, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Yóò bá orúkọ Henry Townsend, tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1843. Yóò sì bá ti Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò lè parẹ́ láéláé. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run wọ̀nyí ni a fi ru àpótí ìwé àti irinṣẹ́ láti etí òkun wá sí òkè. Kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn ni a fi po amọ̀ àwọn ilé ìjọsìn àkọ́kọ́. Kì í sì í ṣe ẹnu àwọn òyìnbó nìkan ni ìwàásù ti jáde, nítorí pé ògbufọ̀ ń dúró tì wọ́n. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ àti èyí tí ó gba owó, ìtàn gbàgbé àwọn méjèèjì bákan náà.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn èdè Yorùbá ní ìdí pàtàkì láti ronú lórí èyí. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kó jọ jáde. Ọ̀rọ̀ kì í ti ojú ọ̀run já bọ́ sínú ìwé. Ọmọdé ni Crowther nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Kò lè jẹ́ pé inú orí rẹ̀ nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀ àgbà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko, ọ̀rọ̀ ìdáná àti ọ̀rọ̀ ọjà ti jáde. Ẹnu ènìyàn ni ó ti gbọ́ wọn: àwọn tí a tú sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ń gbé ní Sàró, tí wọ́n sì gbé èdè wọn dání nígbà tí wọn kò ní ẹrù mìíràn láti gbé. Nígbà tí ó di iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, àwọn mìíràn bá a fi ọwọ́ sí i. Thomas King, tí ó kú ní 1862, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìtàn mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ń ka Bíbélì Yorùbá ní òròòwúrọ̀ ni ó ti gbọ́ ọ rí? Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dáhùn nígbà tí a bi wọ́n léèrè pé, "Kí ni ẹ ń pe nǹkan báyìí?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀kọ́ nìyí. Ìwé Róòmù, tí Crowther túmọ̀, tí ó sì jáde ní 1850, wà lára àwọn apá Bíbélì tí ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá. Ìwé ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́ ni. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn orí karùn-ún àti orí kẹjọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kẹrìndínlógún, tí ó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ni ó ń fò ó kọjá, nítorí pé orúkọ ènìyàn ni ó kún inú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fébè, obìnrin ìjọ Kẹnkírẹ́à, ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni ó gbé lẹ́tà náà dé Róòmù. Ó kí Maria, ó sì sọ pé ó ṣe làálàá púpọ̀. Ó kí Trifena àti Trifosa àti Persi, ó jẹ́rìí sí iṣẹ́ wọn. Ó kí ìyá Rufu, ó ní ìyá òun náà ni. Lẹ́yìn èyí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò wọ́pọ̀: ẹni tí ń fi kálámù kọ ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ gbé orí sókè nínú ìwé náà, ó sì kí ìjọ fúnra rẹ̀. Tertiu ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì kò sì ju "Ẹ̀kẹta" lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ dà bí òǹkà lásán ni Pọ́ọ̀lù yọ̀ǹda fún láti sọ pé òun náà wà níbẹ̀.

Pọ́ọ̀lù kan náà, tí ó lo orí púpọ̀ láti kọ́ ìjọ pé iṣẹ́ kì í gba ènìyàn là, ni ó parí ìwé rẹ̀ nípa pípe àwọn òṣìṣẹ́ ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rò pé ọpẹ́ ń ba oore-ọ̀fẹ́ jẹ́. Níbí ni ohùn méjèèjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ja ti bá ara wọn rẹ́. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ni a pa á láṣẹ fún pé kí ó fi í pamọ́. A kò pa á láṣẹ fún ẹni tí ń jẹ èso iṣẹ́ náà pé kí ó di ojú. Ìfarapamọ́ wà lọ́rùn ẹni tí ó ṣe é, ọpẹ́ wà lọ́rùn ẹni tí a ṣe é fún. Ìjọ tí ó bá sọ pé, "Ọlọ́run rí wọn, ó tó," ti fi ẹrù tirẹ̀ lé Ọlọ́run lórí.

Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ní oríṣiríṣi. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni oyè. A ó fi ẹnì kan jẹ Bàbá Ìjọ, a ó fi ẹlòmíràn jẹ Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin. Kò sí ohun tí ó burú nínú oyè fúnra rẹ̀, àṣà tí ó bá Yorùbá lára mu ni. Ṣùgbọ́n oyè ní ìwúyè, ìwúyè ní ìnáwó, ẹni tí ó bá sì lè ná an ni oyè ń wá kiri. Nígbà tí ó bá wá dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń gbálẹ̀, ó di ẹrù: yóò ra aṣọ, yóò bọ́ èrò, yóò sì jẹ gbèsè fún ìyìn. Ní ọjọ́ Ìkórè ẹ̀wẹ̀, bí iye owó bá ti tó ni a ṣe ń pe orúkọ. Àwọn ọmọdé tí wọ́n jókòó sí ìlà iwájú ń gbọ́, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn: pé ẹni tí ó mú owó wá ni ó ṣe nǹkan, pé ẹni tí ó mú ọwọ́ rẹ̀ wá kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ náà á so èso lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí a bá ń wá ẹni tí yóò gbé ìgbálẹ̀, tí gbogbo ọ̀dọ́ sì ń du ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Irú ọpẹ́ kejì ni èyí tí ó ń pẹ́ jù. Àwọn àgbà ní ìgbà tí a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì sọ ìtàn Tabita, tí a tún ń pè ní Dọ́káàsì, ẹni tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ. Nígbà tí ó kú, àwọn opó yí Pétérù ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi àwọn ẹ̀wù tí ó rán hàn án. Ìtàn náà dùn, nítorí pé Tabita jí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Tabita ni kì í jí. Ọjọ́ ìsìnkú ni a ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé aláwòrán. Ibẹ̀ ni ìjọ ti ń kọ́kọ́ gbọ́ pé ìyá yìí ni ó ń fọ aṣọ pẹpẹ láti ọdún mọ́kànlélógún. Ẹni tí ìyìn náà tọ́ sí nìkan ni kò gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni ó mọ irú bàbá alágogo kan. Aago márùn-ún àárọ̀ ni ó ń lu agogo, òjò ìbáà rọ̀, ọyẹ́ ìbáà mú. Ìlù agogo rẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, òun ni ìyàwó ilé fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí iná ti ràn. Ní ọjọ́ kan, ibà dá bàbá dùbúlẹ̀, agogo kò sì dún. Àwọn ènìyàn pẹ́ dé ìsìn, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ bí wọ́n ti ń wọlé ni pé, "Kí ló ṣe agogo lónìí?" Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ṣe bàbá. Nígbà tí wọ́n wá rán ọ̀dọ́kùnrin kan láti máa lu agogo náà, wọ́n rí i pé agbára nìkan kò tó. Ó fa okùn náà kíkankíkan, agogo ń dún ṣákaṣàka bí ẹni pé ilé ń jó. Kò mọ ìgbà tí a ń dẹ ọwọ́, kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú agogo ìsìn àti agogo òkú, kò sì mọ ibi tí okùn ti ń jẹra tí a fi gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ibùsùn ni bàbá ti ń kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó sì gbà. Nígbà náà ni ìjọ tó mọ ohun tí ó ní, nítorí pé ó kù díẹ̀ kí ó pàdánù rẹ̀. Igi gànnràngànnràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìjọ tí kò bá wá àkẹ́kọ̀ọ́ fún alágogo nígbà tí ara rẹ̀ le, ọjọ́ àìsàn ni yóò máa wá a.

Èyí fi hàn pé ìmọrírì tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú mímọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń fọ aṣọ pẹpẹ kò lè dúpẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ẹni tí ó fọ̀ ọ́. Ó kàn lè kí i lásán. Lẹ́yìn mímọ̀ ni bíbéèrè. Bí àwọn alàgbà ìjọ bá lọ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílé, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n sì bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni ẹ fẹ́ kí ìjọ ṣe fún yín?" ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn rẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu. Kò ní í béèrè oyè, kò sì ní í béèrè àwo tí a kọ orúkọ sí lára. Ó lè ní òun fẹ́ bàsíà tuntun, nítorí èyí tí òun ń lò ti lu. Ó lè ní kí ọmọbìnrin kan máa bá òun fún aṣọ náà, nítorí ọwọ́ òun ti ń ro òun. Ó sì lè ní ohun tí ó wu òun jù ni kí òun jókòó sí àárín ìjọ ní ọjọ́ Ìkórè kan ṣoṣo, kí ẹlòmíràn ti orí ààrò, kí òun náà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó ìdajì owó tí a fi ń ya àsíá ìkéde kan.

Òfin tí ó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ti pẹ́ nínú Ìwé Mímọ́. Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí ọgbọ̀n sọ pé nígbà tí Dáfídì ń lépa àwọn tí ó kó ìlú Síkílágì, igba nínú ẹgbẹ̀ta ọmọ ogun rẹ̀ ni ó rẹ̀, tí wọ́n sì dúró ti ẹrù ní etí odò Bésórì. Nígbà tí àwọn irinwó padà pẹ̀lú ìkógun, àwọn kan nínú wọn ní àwọn tí kò lọ ojú ogun kò gbọdọ̀ pín níbẹ̀. Dáfídì kọ̀. Ó ní bákan náà ni ìpín ẹni tí ó jà àti ẹni tí ó ṣọ́ ẹrù yóò rí, ó sì sọ ọ́ di òfin ní Ísírẹ́lì. Kò yìn wọ́n lásán. Ó fún wọn ní ìpín. Ìpín ẹni tí ń ṣọ́ ẹrù ìjọ ni kí a rántí rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò le, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe ìpàdé, kí ọmọ rẹ̀ má sì jẹ́ àlejò níbi tí a bá ti ń pín ẹ̀bùn ilé-ìwé.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbé jù sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe àjàgà. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, ẹni tí kò lè sọ pé rárá ni gbogbo iṣẹ́ ń wọ́ lọ bá, pàápàá jù lọ àwọn opó àti àwọn tí kò ní alágbàwí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ohun tí ó fi ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ a di ohun tí a ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú fún bí ó bá fi ọjọ́ kan jẹ. Bákan náà, ẹni tí ìjọ gbà síṣẹ́ lówó oṣù, owó rẹ̀ ni kí a san. A kò gbọdọ̀ máa fi "Ọlọ́run yóò san án fún ọ" dí i lẹ́nu. Iyì iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni pé ẹni tí ó ń ṣe é lè dá a dúró nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí a sì tún máa kí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìjọ tí ó bá fẹ́ san gbèsè yìí kò nílò ayẹyẹ. Kí ó pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí nínú àdúrà nígbà tí wọ́n wà láàyè, bí Pọ́ọ̀lù ti pe orúkọ Persi. Kí ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìrántí ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn àlùfáà, kí òpìtàn ọ̀la má baà máa wá wọn tì. Kí alàgbà fúnra rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, kí ó lè mọ bí àjà ti ga tó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí àwọn òbí mú ọmọ wọn wá síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Pẹpẹ tí wọ́n ń sọ kì í ṣe pẹpẹ ìjọsìn; pẹpẹ tí a ń gbé nǹkan lé ni. Ṣùgbọ́n òwe náà bá ti ìjọ mu rẹ́gí: ọwọ́ ọmọdé kò tíì tó o lóòótọ́, àgbàlagbà ni ó sì gbọ́dọ̀ gbé e sókè, kí ó lè mọ bí a ṣe ń tẹ́ aṣọ náà kí ọwọ́ tí ń tẹ́ ẹ tó rọ.